Etí Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Ojú

Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin kan wà nínú eré bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń kun èékánná kí wọ́n tó wọ pápá. Kì í ṣe oge ni wọ́n ń ṣe. Òmíràn á kun tirẹ̀ ní funfun, òmíràn á kun ún ní àwọ̀ yẹ́lò tó ń tàn yòò, àwọn mìíràn á sì lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ orí èékánná. Ìdí ni pé lábẹ́ iná pápá lálẹ́, òjìji itan máa ń bo ọwọ́ ẹni tó bá lóṣòó, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dúró ní nǹkan bíi mítà 18 sí i gbọ́dọ̀ rí ìka yẹn kedere. Bí kò bá rí i, tàbí tó bá ṣì í kà, ẹnìkan lè fara pa.

Ẹni tí kò wo eré yìí rí lè rò pé kí ẹnìkan ju bọ́ọ̀lù, kí ẹnìkejì fi igi gbá a, ó parí. Kò parí síbẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù dúró sórí òkìtì kékeré kan láàárín pápá. Onígi, ìyẹn ẹni tó gbé igi sọ́wọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù náà, dúró lọ́hùn-ún níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn onígi ni ahánbọ́ọ̀lù lóṣòó sí, ó ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ ńlá, ó fi ìbojú onírin bojú, òun àti ajubọ́ọ̀lù ni wọ́n sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré kìlómítà 150 ní wákàtí kan kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé ọ̀dọ̀ onígi. Láàárín àkókò tín-ń-tín yẹn, onígi ní láti mọ irú bọ́ọ̀lù tó jẹ́, ibi tó ń lọ, àti bóyá kí òun gbá a tàbí kí òun fi í sílẹ̀.

Oríṣiríṣi sì ni bọ́ọ̀lù. Èyí ń sáré tààrà bí ọta ìbọn. Èyí ń yí bọ̀, á sì já wálẹ̀ lójijì nígbà tí igi bá ti gbéra. Òmíràn tún wà tí apá ajubọ́ọ̀lù á yára bí ẹni pé eré ló fẹ́ sá, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ á máa rọra bọ̀, onígi á ti gbá afẹ́fẹ́ kó tó dé. Onígi tó bá ti mọ èyí tó ń bọ̀ dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí ìbéèrè ìdánwò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ahánbọ́ọ̀lù àti ajubọ́ọ̀lù fi jẹ́ àṣírí tó ga jù lórí pápá.

Ìka ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ahánbọ́ọ̀lù á ki ọwọ́ ọ̀tún sáàárín itan, á fi ìbọ̀wọ́ bo ẹ̀gbẹ́ kan kí àwọn tó jókòó lápá ibẹ̀ má baà rí i, á wá yọ ìka. Ìka kan, kó ju asáré. Ìka méjì, kó ju aláyìípo. Ìka mẹ́rin sábà máa ń jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn, èyí tó ń rọra bọ̀. Bí kò bá wu ajubọ́ọ̀lù, á fi orí sọ pé rárá, ahánbọ́ọ̀lù á sì yọ òmíràn. Bó bá wù ú, á gbé apá sókè. Bí wọ́n bá wá ṣì ara wọn gbọ́, ahánbọ́ọ̀lù á tẹ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ de bọ́ọ̀lù tí yóò já wálẹ̀, asáré á sì gba òkè wá bá a níbi ìbojú. Rẹfirí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ náà lè jẹ nínú rẹ̀.

Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ tó ń gbá bá ti sáré dé ibùdó kejì. Ẹ̀yìn ajubọ́ọ̀lù gan-an ni ibùdó yìí wà, ẹni tó bá sì dúró síbẹ̀ ń wo ahánbọ́ọ̀lù lójú kòrókòró. Gbogbo ìka tó bá yọ, ó rí i. Ó lè fọwọ́ kan akoto rẹ̀, tàbí kó na apá kan, kí onígi ẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ̀. Nítorí náà ahánbọ́ọ̀lù kì í yọ ìka lẹ́ẹ̀kan mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀. Ó lè yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra, ẹyọ kan ṣoṣo ni òótọ́ nínú wọn, òun àti ajubọ́ọ̀lù nìkan ló sì mọ èyí tó jẹ́. Ẹnà gidi ni. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ lásán tú ẹnà yìí láti ibùdó kejì kò rú òfin kankan. Ọlọgbọ́n ni wọ́n ń kà á sí, àwọn tó tú àṣírí wọn náà á sì gbà pé ọgbọ́n tirẹ̀ ló borí.

Ọwọ́ tilẹ̀ ti di èdè odindi ẹgbẹ́ kan rí. Láàárín ọdún 1900 sí 1908, ajubọ́ọ̀lù kan tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀, Luther Taylor, wà nínú ẹgbẹ́ New York Giants. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, John McGraw, kò sọ pé kí Taylor máa wo ẹnu àwọn èèyàn. Òun àti àwọn agbábọ́ọ̀lù ló jókòó kọ́ èdè ọwọ́ àwọn adití kí wọ́n lè máa bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè náà pàṣẹ fún ara wọn lórí pápá. Nínú gbogbo ìtàn ìbánisọ̀rọ̀ inú eré yìí, èyí ló yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ìtàn olè ló pọ̀ jù.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1900 kan náà, ẹgbẹ́ Cincinnati lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Philadelphia. Tommy Corcoran, ọmọ ẹgbẹ́ Cincinnati, ṣàkíyèsí pé Pearce Chiles ti Philadelphia, tó máa ń dúró nítòsí ibùdó kẹta láti tọ́ àwọn tó ń sáré sọ́nà, kì í kúrò lójú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lọ́nà tí kò yé èèyàn. Corcoran sáré lọ síbẹ̀, ó fi bàtà onírin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀. Àpótí onígi kan ló bá nínú ilẹ̀, okùn iná sì jáde lára rẹ̀. Okùn yẹn gba abẹ́ pápá lọ sí ilé tó wà lẹ́yìn pápá lọ́hùn-ún, níbi tí Morgan Murphy jókòó sí pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tó ń ka ìka ahánbọ́ọ̀lù. Bó bá ti kà á tán, á tẹ iná, ẹ̀rọ inú àpótí á gbọ̀n sí Chiles lẹ́sẹ̀, Chiles á sì pariwo sí onígi. Iná mànàmáná kò tíì wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà lákòókò yẹn, ṣùgbọ́n olè ti rí ìwúlò rẹ̀.

Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, ohun tó gbayì jù nínú eré náà tún ní àbàwọ́n kan náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1951, New York Giants fi eré 13 àti ààbọ̀ wà lẹ́yìn Brooklyn Dodgers. Wọ́n lé wọn bá. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, Bobby Thomson gbá bọ́ọ̀lù tí Ralph Branca jù sí i kọjá ògiri pápá, Giants gba ife ẹ̀yẹ líìgì wọn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ń sọ ọ́ fún àádọ́ta ọdún bí ẹni ń sọ ìtàn àwọn akọni. Ní 2001 ni oníròyìn Joshua Prager gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé awò awọ̀nàjíjìn kan wà ní ojú fèrèsé yàrá Giants lẹ́yìn pápá Polo Grounds, okùn iná sì so ó mọ́ agogo kékeré kan níbi tí àwọn ajubọ́ọ̀lù tó ń dúró de ìpè jókòó sí. Thomson sọ títí ayé rẹ̀ pé òun kò lo àmì náà fún bọ́ọ̀lù yẹn. Branca ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, ó gbé e mì, òun àti Thomson sì di ọ̀rẹ́.

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni kámẹ́rà. Nígbà tí líìgì ńlá Amẹ́ríkà gbà kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá máa wo àwòrán padà láti mọ̀ bóyá ìdájọ́ rẹfirí tọ̀nà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti ní yàrá tí tẹlifíṣọ̀n wà nítòsí ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù jókòó sí. Ìdájọ́ òdodo ni wọ́n kọ́ yàrá náà fún. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi rí i pé ìka ahánbọ́ọ̀lù hàn nínú àwòrán yẹn gbangba. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ọ̀gá àgbà líìgì, Rob Manfred, bu owó ìtanràn lé Boston Red Sox, nítorí pé ẹni tó ń tọ́jú ara àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gba ìròyìn ìka yìí sórí aago ọwọ́ Apple, ó sì ń sọ ọ́ fún wọn.

Ní ọdún yẹn kan náà, Houston Astros ń ṣe tiwọn, èyí tí kò tilẹ̀ la aago lọ. Kámẹ́rà kan dojú kọ ahánbọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn pápá. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ ibi ìjókòó wọn, agolo ìdalẹ̀sí ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìka bá sọ pé asáré ló ń bọ̀, wọ́n á dákẹ́. Bó bá jẹ́ aláyìípo tàbí bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn, ẹnìkan á fi igi lu agolo náà gbàmù, onígi á sì gbọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, Danny Farquhar, ajubọ́ọ̀lù Chicago White Sox, dúró lórí òkìtì ní Houston, ó ń wo ìka, ó sì ń gbọ́ gbàmù, gbàmù, nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn bá kàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pe ahánbọ́ọ̀lù rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ àmì. Ìlù dákẹ́. Astros gba ife ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún náà.

Ọdún méjì kọjá kó tó bú jáde. Mike Fiers, tó jẹ́ ajubọ́ọ̀lù Astros lọ́dún 2017, sọ ọ́ fún ìwé ìròyìn The Athletic ní oṣù kọkànlá 2019, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. Olólùfẹ́ Astros kan, Tony Adams, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó wo fídíò eré ilé wọn, ó tẹ́tí sí bọ́ọ̀lù tó lé ní 8,200, ó sì ka ìró agolo 1,143. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ló ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yẹn. Ní oṣù kìíní 2020, líìgì gba mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ́wọ́ Astros, wọ́n gba ẹ̀tọ́ wọn láti kọ́kọ́ yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù fún ọdún méjì, wọ́n sì ní kí Jeff Luhnow tó ń darí ẹgbẹ́ àti A.J. Hinch tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ jókòó sílé fún ọdún kan. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà lé àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò fìyà jẹ agbábọ́ọ̀lù kankan, nítorí wọ́n ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè sọ òótọ́. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, pàápàá àwọn ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n lé kúrò nínú líìgì ńlá lẹ́yìn tí wọ́n lọ jìyà ní Houston lọ́dún náà.

Ìfura wá gba gbogbo pápá. Àwọn ahánbọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìka lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kódà nígbà tí kò sẹ́ni ní ibùdó kejì. Ajubọ́ọ̀lù á ṣí fìlà, á ka bébà kékeré tí wọ́n kọ àmì sí nínú rẹ̀. Àmì á dà rú, wọ́n á ní kí eré dúró ná, ahánbọ́ọ̀lù á rìn lọ bá a, àwọn méjèèjì á fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ètè lè wà nídìí kámẹ́rà. Ní 2021, eré kan gba wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10 ní ìpíndọ́gba, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Inú iṣẹ́ àwọn onídán ni ìwòsàn ti wá. Craig Filicetti ní ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ProMystic, tó ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn òṣèré tí ń ṣe bí ẹni pé wọ́n mọ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn. Irú òṣèré bẹ́ẹ̀ máa ń nílò kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ sí i létí lórí pèpéle láìjẹ́ pé òǹwòran kankan gbọ́. John Hankins, tóun náà mọ iṣẹ́ yìí, ló wo ọ̀rọ̀ Astros tó rí i pé ìṣòro kan náà ni. Àwọn méjèèjì ṣe ẹ̀rọ PitchCom. Wọ́n dán an wò nínú líìgì kékeré kan ní California ní 2021, líìgì ńlá sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin 2022, ó ku ọjọ́ méjì kí sáà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò díjú. Ahánbọ́ọ̀lù so pátákó pelebe kan mọ́ apá tàbí orúnkún, bọ́tìnnì mẹ́sàn-án wà lórí rẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan fún irú bọ́ọ̀lù, ó tẹ òmíràn fún ibi tó fẹ́ kó gbà. Nínú fìlà ajubọ́ọ̀lù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń sọ ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀: asáré, ìsàlẹ̀, lóde. Òun nìkan ló gbọ́ ọ, àti ahánbọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, àti ẹni mẹ́ta mìíràn nínú ẹgbẹ́ wọn, kí àwọn náà lè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sún sí. Wọ́n ti fi ẹnà kọ̀ǹpútà dí ọ̀nà tó ń gbà, ẹni tó bá fẹ́ jí i gbọ́ kò ní rí nǹkan kan mú.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwa Yorùbá fiyè sí. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì yìí tí wọn kò bí sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Dominican Republic, láti Venezuela, àti láti Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti di Lùkùmí, tí bésíbọ́ọ̀lù sì jẹ́ eré gbogbo ìlú. Èdè Spanish ni wọ́n ń sọ nílé. Ohùn tí wọ́n gbà sínú ẹ̀rọ lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ Spanish. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Santo Domingo lè gbọ́ àṣẹ ní èdè ìyá rẹ̀ níwájú ogójì ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ìka kò ní èdè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìka kò sì lè fi èdè ìyá ẹni fọkàn ẹni balẹ̀.

Ní 2023, líìgì gbé aago lé ajubọ́ọ̀lù lórí: ìṣẹ́jú-àáyá 15 bí ibùdó gbogbo bá ṣófo, 20 bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń ka ìka márùn-ún léraléra kò lè bá aago yẹn sáré, bọ́tìnnì ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Eré tó ń gba wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 4 ní 2022 wálẹ̀ sí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40. Ní 2023 náà ni wọ́n gbà kí ajubọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ máa so bọ́tìnnì mọ́ra. Shohei Ohtani, ọmọ Japan, so tirẹ̀ mọ́ apá, ó ń tẹ bọ́ọ̀lù tó wù ú, ahánbọ́ọ̀lù ló wá ń gbọ́ àṣẹ. Kòríà náà mú ẹ̀rọ yìí wọ líìgì rẹ̀ ní 2024.

Inú gbogbo èèyàn kò dùn sí i. Max Scherzer, ọ̀kan nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù tó lórúkọ jù nígbà ayé wa, lò ó ní 2022, ó gbà pé ó ṣiṣẹ́, pé ó sì ran òun lọ́wọ́. Síbẹ̀ ó ní ó yẹ kí wọ́n fòfin dè é, nítorí pé títú àmì wà lára eré. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ẹni tó dúró ní ibùdó kejì, tó fi ojú àti làákàyè rẹ̀ tú ẹnà, kò ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n tó ń lu agolo. Èkíní ń gbá bọ́ọ̀lù. Èkejì ń jalè. Ẹ̀rọ PitchCom kò mọ ìyàtọ̀, ó lé àwọn méjèèjì jáde, ẹ̀bi ìyẹn sì wà lọ́rùn àwọn tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà wọ ibi tí ojú ti tó. Bí àwọn tó ń ṣòfin bá ti tètè dí wọn lọ́nà, ó ṣeé ṣe kí ọgbọ́n ibùdó kejì ṣì wà láàyè lónìí.

Ojú kò tíì fiṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ó ṣe tán. Onígi ṣì ń wo bí ajubọ́ọ̀lù ṣe ń ṣí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó jù, nítorí àwọn kan máa ń fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ di bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn mú. Bí ariwo òǹwòran bá pọ̀ jù, ajubọ́ọ̀lù á gbé ìbọ̀wọ́ bo etí, á tẹrí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa gbìyànjú láti gbọ́ ohùn kékeré yẹn. Bí ẹ̀rọ bá kú, ahánbọ́ọ̀lù á tún ki ọwọ́ sáàárín itan, ìka á tún jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó kẹta, akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣì ń fọwọ́ kan fìlà, ó ń fọwọ́ kan àyà, ó ń nu apá, ó ń fa etí, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ irọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ èyí tí í ṣe òótọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, líìgì fọwọ́ sí i pé láti sáà 2026, bí ajubọ́ọ̀lù, ahánbọ́ọ̀lù tàbí onígi kò bá gbà pé ìdájọ́ rẹfirí lórí bọ́ọ̀lù kan tọ̀nà, ó lè ní kí àwọn kámẹ́rà kọ̀ǹpútà wò ó. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi àǹfààní méjì bẹ̀rẹ̀ eré. Agbábọ́ọ̀lù kò ní tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí i létí. Ọwọ́ ló máa gbé sókè, á fi lu fìlà tàbí akoto orí rẹ̀ pẹ́pẹ́, gbogbo pápá á rí i, kò sì sí ẹni tí yóò ní ìdí láti jí i.